Bí A Ṣe Ń Ṣa Owó Onírin àti Mẹ́dàlì Jọ Láìná Owó Gọbọi

Ẹni mẹ́rin ló gbé àpò ọ̀rá wá bá mi nílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) lọ́dún tó kọjá pé kí n bá àwọn wo owó àtijọ́ tí àwọn rà. Ohun kan náà ni mo bá nínú àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ogójì tàbí àádọ́ta owó onírin, tí bíi mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ irú kan náà, tí àwọn kan ti jẹ débi pé ojú ọba tó wà lára wọn ò yàtọ̀ sí ojú màlúù. Ọ̀kan máa ń jẹ́ ayédèrú, ayédèrú yẹn gan-an sì ni wọ́n san owó lé lórí jù. Kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. "Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀" ni wọ́n mú lọ sọ́jà, ọjà sì gba tọwọ́ wọn.

Kò burú kéèyàn fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Àdàlú ni àkójọ tèmi náà. Kọ́bọ̀ oníhò àti fáráǹkì jọ ń sùn nínú àpótí kan, mẹ́dàlì ìjọ Àgùdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ro gbogbo owó tí mo ti ná lé e lórí pọ̀, kò tó èyí tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ná lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí mo ṣe ń yàn wọ́n nìyí.

KÍ Ẹ TÓ JÁDE NÍLÉ

Ẹ wá òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn spíkà rédíò tó ti kú ti tó. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù títí dé 0.01, irú èyí tí àwọn oníwúrà fi ń wọn òrùka. Ẹ fi rúlà tó ní mìlímítà kún un, pẹ̀lú lúùpù, ìyẹn awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú (kámẹ́rà fóònù tó ríran dáadáa lè rọ́pò rẹ̀), káyé (ìwé ìkọ̀wé) kan, bírò, ife ike, òwú ìránṣọ àti àpòòwé funfun kéékèèké. Nínú gbogbo wọn, òṣùwọ̀n nìkan ló lè ná yín lówó díẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa rà á tó bá yá. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, ẹnu ọlọ́jà ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé fáráǹkì 100 tí kò tíì jẹ púpọ̀ lé òṣùwọ̀n náà. Ó yẹ kó sún mọ́ gíráàmù 7. Tó bá sọ 6 tàbí 8, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ MÁ RA NǸKAN KAN FÚN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ

Ẹ da ṣẹ́ńjì inú ilé sórí tábìlì. Owó BCEAO (báńkì tó ń ṣe fáráǹkì wa) tí à ń ná lójoojúmọ́ ni olùkọ́ yín àkọ́kọ́, kò sì gba owó ilé-ìwé. Ẹ wo ẹja tí imú rẹ̀ dà bí ayùn tó wà lára wọn. Lára òṣùwọ̀n idẹ tí àwọn ará Aṣáńtì fi ń wọn wúrà ni wọ́n ti yá a. Ẹ wá fáráǹkì 10 tí àwọn èèyàn ti ń pọnmi lára rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, kí ẹ wá 25 tí obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Fáráǹkì 100 ti wà láti 1967. 200 àti 500 aláwọ̀ méjì dé ní 2003. Ó ní 250 kan, aláwọ̀ méjì lòun náà, tí wọ́n rọ láàárín 1992 sí 1996. Tí ọlọ́jà bá ṣèèṣì fi sínú ṣẹ́ńjì fún yín, ẹ má ná an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé àwọn àgbà ló kàn. Ìyá mi àgbà ní Kétu ní agolo mílíìkì kan tí bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti owó wà nínú rẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí wọn kò kọ́ wa nílé-ìwé Faransé: onínì, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Onínì mẹ́wàá ló wà nínú kọ́bọ̀ kan, ẹ́pìnnì jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà, ṣílè sì jẹ́ méjìlá. Owó tí Gẹ̀ẹ́sì ń rọ fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni gbogbo wọn. Kétu ò jìnnà sí ẹnubodè, owó ò sì mọ ẹnubodè.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á dé iwájú àgbàlagbà, wọ́n á ní "Màmá, ṣé ẹ ní owó àtijọ́?" Ojú ẹsẹ̀ ni agolo máa wọ abẹ́ ibùsùn padà, torí Màmá ti gbọ́ pé ẹnì kan ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, kí ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, irú owó wo lẹ fi ń ra àkàrà nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?" Ìtàn ló máa kọ́kọ́ jáde, agolo á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹyọ kan, ẹ kọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n sọ sínú káyé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ó yẹ kí ẹ ti ní bíi mẹ́wàá tí kò sí ìbejì nínú wọn, láìtíì ná kọ́bọ̀. Tí ẹ ò bá rí mẹ́wàá, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Ìgòlò àti Kraké, wọn kì í sábà fẹ́ owó onírin ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan máa ń kó o sínú ike, wọ́n á sì dá a fún yín tí ẹ bá ra ohun mímu fún wọn.

ÌGBÉSẸ̀ 2: ÒFIN KAN ÀTI OWÓ TÓ LÓPIN

Mi ò ní sọ pé kí ẹ yan orílẹ̀-èdè kan tàbí ọ̀rúndún kan. Ohun tí àwọn ìwé máa ń sọ nìyẹn, ó sì ń lé ẹni tó fẹ́ràn àdàlú sá. Òfin tèmi ni pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ wọlé àfi tó bá sọ ohun tí àwọn tó wà nínú àpótí kò tíì sọ. Kọ́bọ̀ oníhò ti 1936 tó ní orúkọ Edward sọ ohun kan. Kọ́bọ̀ oníhò ti 1936 tó ní orúkọ George sọ ohun mìíràn. Ìkẹta tó bá dà bí ọ̀kan nínú wọn kò ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu, kó máa lọ.

Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú káyé kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ ò bá rí gbólóhùn kọ, ẹ dá ẹyọ náà padà sórí àtẹ.

Ní ti owó, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáráǹkì lóṣù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì pinnu pé ẹyọ kan kò ní ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ fún oṣù mẹ́fà. Ìyẹn nìkan ni mo máa ń mú lọ sọ́jà. Fóònù tí MoMo (owó orí fóònù) wà lórí rẹ̀, ilé ló ń wà, nítorí mo mọ ara mi.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ KA ARA RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ GBỌ́ TI ỌLỌ́JÀ

Ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń gba owó yín là jù. Ẹ dáhùn ohun mẹ́rin látara owó náà fúnra rẹ̀: ta ló rọ ọ́, ọdún wo, iye wo, àmì wo ló wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́bọ̀ oníhò. Lójú kan, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà yí ihò náà ká, wọ́n sì kọ British West Africa sí i. Torí ìràwọ̀ yẹn, mo ti gbọ́ "owó Júù" lẹ́nu ọlọ́jà ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò kan àwọn Júù rárá. Lójú kejì, orúkọ ọba wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orí ọba, torí ihò ti gba àárín. Ohun tó mú kí ti Edward Kẹjọ ṣeé ní fún tálákà nìyí. Ọba yẹn gorí oyè ní oṣù kìíní 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Nílé wọn lọ́hùn-ún, wọn ò rọ owó tó ní ojú rẹ̀ fáwọn èèyàn ná, àwọn ìwọ̀nba tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò sì di ohun tí apá wa ò lè ká láéláé. Ṣùgbọ́n owó oníhò wa kò nílò ojú rẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n kọ, torí náà wọ́n ti rọ ọ́ rẹpẹtẹ kí ó tó fi oyè sílẹ̀. Ẹ wá EDWARDVS VIII àti 1936. Ó lè wà lórí onínì, ẹ́pìnnì tàbí kọ́bọ̀. Lẹ́tà kékeré H tàbí KN tí ẹ bá rí túmọ̀ sí pé Heaton tàbí King's Norton ní Birmingham ló rọ ọ́. Ẹlòmíràn lè rò pé àbùkù ni.

Ọdún tó wà lára nǹkan ń tan èèyàn jẹ. Ẹ rántí méjì yìí:

Dọ́là fàdákà ńlá tó ní àwòrán Ọbabìnrin Maria Theresa máa ń sọ 1780, ọdún tó kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rọ ọ́ nìṣó fún ohun tó ju igba ọdún lọ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 1780 kan náà ni wọ́n sì ń kọ sí i, torí àwọn oníṣòwò ní Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá kò gbà mìíràn. Iye fàdákà inú rẹ̀ lẹ máa san. Ẹ má san owó ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ààbọ̀.

Èkejì sún mọ́lé. Mẹ́dàlì Màríà kékeré tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àjàṣẹ́ ní, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ Màríà, sábà máa ń ní 1830 létí. Ọdún tí Catherine Labouré rí ìran nílùú Paris ni. 1832 ni wọ́n tó rọ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń ṣe é dòní. Èyí tí wọ́n tà fún yín pé "ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún" lè jẹ́ èyí tí wọ́n pín níbi ìsìn ọmọdé lánàá.

Àwọn tí owó wọn kò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn: fáráǹkì 10 àti 25 ti 1957 tí wọ́n kọ Afrique Occidentale Française àti Togo pọ̀ sí; alumíníọ̀mù fáráǹkì 1 àti 2 ti 1948, tó fúyẹ́ débi pé ẹ máa rò pé ìṣeré ọmọdé ni; kọ́bọ̀ Nàìjíríà ti 1973, ọdún tí wọ́n fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sórí náírà; àti náírà 1 pẹ̀lú náírà 2 aláwọ̀ méjì ti 2006, tí wọ́n rọ, tí kò sì sẹ́ni tó ná an tó nǹkan. Dahomey náà rọ owó fàdákà ní 1971 fún ìrántí ọdún kẹwàá òmìnira. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wò ó, kí ẹ máa bá tiyín lọ, torí àwọn olówó ni wọ́n rọ ọ́ fún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bo owó náà mọ́lẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìtún un wò. Tí ẹ bá há sí ọ̀kan, ẹ ò tíì kà á.

ÌGBÉSẸ̀ 4: ÒÒFÀ, ÒṢÙWỌ̀N, OMI

Ẹnì kan ta fáráǹkì 5 ilẹ̀ Faransé fún mi ní Kútọnu. Obìnrin tó ń fúnrúgbìn ló wà lára rẹ̀. Ó ní fàdákà ni. Mo ti kà pé fàdákà ni lóòótọ́, inú mi dùn, mo sanwó. Ilé ni mo ti wá kà á parí. Láti 1960 dé 1969 ni wọ́n fi fàdákà rọ ọ́, gíráàmù 12 ni. Láti 1970, àwòrán kan náà, fífẹ̀ kan náà (mìlímítà 29), ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì ló bò ó, gíráàmù 10 péré. Tèmi sọ 1971. Ọlọ́jà ò purọ́ fún mi tó bí mo ṣe purọ́ fún ara mi.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Òòfà ló kọ́kọ́. Fàdákà, wúrà, bàbà, idẹ àti alumíníọ̀mù kì í gbá mọ́ òòfà. Irin àti níkẹ́ẹ̀lì gidi máa ń gbá mọ́ ọn. Tí "fàdákà" bá fò mọ́ òòfà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n tí kò bá fò mọ́ ọn, ẹ má tíì jó. Òjé àti idẹ tí wọ́n fi fàdákà kùn kì í gbá mọ́ òòfà náà.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Owó tó ti jẹ lè dín díẹ̀, kì í sì í wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Tí Maria Theresa tó yẹ kó jẹ́ gíráàmù 28.07 bá sọ 24, ayédèrú ni. Tó bá sọ 28.0, ẹ lọ sínú omi.

Omi ló ń parí ẹjọ́. Ẹ bu omi sínú ife ike kó kọjá ìdajì, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú ìránṣọ so owó náà bí ẹni so ẹrù, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi á fi bò ó, kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà á yọ lójú òṣùwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n omi tí owó náà tì sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ẹ wá fi nọ́ńbà yìí pín ìwọ̀n owó náà. Fáráǹkì 5 fàdákà ti gíráàmù 12 máa fún yín ní bíi 1.18, ẹ pín 12 sí 1.18, ó di bíi 10.2. Iye tó bá fàdákà 835 (èyí tí ìdá 835 nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi) mu nìyẹn. Maria Theresa gidi máa fún yín ní bíi 2.75. Tí ẹ bá rí 3.1 tàbí 3.2 dípò rẹ̀, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì lẹ gbé lọ́wọ́, bó ti wù kó dán tó.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́: afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ owó nínú omi. Ẹ ó rí i bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òwú gbọ̀n ọ́n díẹ̀ kí ó jáde, kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Ẹ pa fáànù pẹ̀lú. Mo fi odidi ọ̀sán kan bá òṣùwọ̀n jà nígbà kan kí n tó rí i pé fáànù ló ń fẹ́ omi.

Tó bá jẹ́ fàdákà lóòótọ́, ẹ ṣírò iye tí fàdákà inú rẹ̀ tó. 12 lọ́nà 0.835, gíráàmù 10 fàdákà ló wà nínú rẹ̀. Maria Theresa ní bíi 23.4. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta fàdákà lágbàáyé lọ́jọ́ náà, ẹ sì ṣọ́ra: ounce ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ti fàdákà sì jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28.35 tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun. Iye tó bá jáde ni ilẹ̀ tí ẹ dúró lé láti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún wọ̀n ọ́n nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta. Tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jìnnà síra ju 0.02 lọ, ọwọ́ yín ti mọ́ ọn.

ÌGBÉSẸ̀ 5: ṢÉ ARA RẸ̀ PÉ?

Ẹ yí etí rẹ̀ ká pẹ̀lú lúùpù. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń sọ owó fàdákà di ọ̀ṣọ́ ọrùn tipẹ́. Wọ́n á jó ìkọ́ mọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ọjà owó àtijọ́ bá dé, wọ́n á gé ìkọ́ náà kúrò, wọ́n á fi fáìlì rẹ́ ojú ibẹ̀. Ẹ wá ibi tí etí ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ní apá kan ṣoṣo. Ti owó oníhò yàtọ̀. Òwú ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ láti so ó mọ́ ìdí ọmọdé, òwú yẹn á sì jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ihò náà títí á fi gùn bí ẹyin. Èmi kì í kọ irú ìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó pé lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín.

Tí ẹ bá rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ kálẹ̀ lójú owó, tí ìlà kan sì lọ yípo etí rẹ̀, wọ́n yọ́ irin dà á sínú ohun tó ní àwòrán rẹ̀ ni. Ayédèrú ni.

Ní ti bó ṣe jẹ sí: ohun tó bá wọ́pọ̀, ẹ dúró de èyí tó mọ́, tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà, torí ẹ máa rí òmíràn. Ṣílè tí wọ́n fi igi ọ̀pẹ sí lẹ́yìn, ẹ wo imọ̀ ọ̀pẹ náà. Tí wọ́n bá ṣì yà síra wọn, ó dáa. Àwọn ti 1913 sí 1920 tí wọ́n fi fàdákà rọ ni wọ́n ń wá, torí láti 1920 ni idẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n ṣílè fàdákà jẹ́ bíi gíráàmù 5.65.

Àti pé, jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mú ṣílè fàdákà kan tó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o bí ìyá mi ṣe ń bó abọ́ bàbà. Ó dán. Ó dán débi pé gbogbo ìlà kéékèèké ara rẹ̀ bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ mi mọ́. Tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ owó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì gbà padà (èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀) fún ọjọ́ kan, ẹ gbé e jáde, ẹ fi aṣọ rírọ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ. Ẹ má nù ún.

ÌGBÉSẸ̀ 6: MẸ́DÀLÌ, Ẹ WO ETÍ RẸ̀

Mẹ́dàlì kò ní iye lójú, torí náà ohun tó bá wu ọlọ́jà ló ń pè é. Ti ilẹ̀ Faransé ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, etí wọn sì ń sọ̀rọ̀. Láti 1880 ni ilé ìrọwó Paris ti ń fi ìwo tí èso kún inú rẹ̀ lu etí mẹ́dàlì, pẹ̀lú orúkọ irin tí wọ́n fi ṣe é. Ìwo àti BRONZE: idẹ ni, Paris ló rọ ọ́, ó sì di lẹ́yìn 1880. Tí ojú rẹ̀ bá ń sọ 1804, tí ìwo sì wà létí, wọ́n tún un rọ ni. Mo ní irú rẹ̀ kan, kò wọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣáà má san owó 1804.

ARGENT ni fàdákà. BRONZE ARGENTÉ, idẹ tí wọ́n fi fàdákà kùn ni, lẹ́tà É yẹn ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò ka ìwé parí. VERMEIL ni fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò.

Ẹni tó bá ń gbé ní Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ Étoile Noire, mẹ́dàlì oyè Ìràwọ̀ Dúdú ti Bẹ̀nẹ̀. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní 1 oṣù Kejìlá 1889, lábẹ́ Ọba Tòfà. Nígbà tó yá, ìjọba Faransé gbà á mọ́ àwọn oyè amúnisìn rẹ̀, 1963 ni wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àgbélébùú funfun alápá mẹ́rin tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù ni, ìràwọ̀ dúdú wà láàárín rẹ̀, aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló so ó. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá níwájú yín, ẹ wo àwọ̀ funfun náà: tánńganran ló fi jọ, ó sì máa ń ṣẹ́ ní ṣóńṣó. Funfun tí èékánná lè wọ̀ kì í ṣe òun. Ọ̀dà ni wọ́n fi tún un ṣe.

Èyí tó rọrùn láti ní ni Croix de guerre, àgbélébùú tí Faransé fi ń dá akọni ojú ogun lọ́lá, ti ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ 1914-1915, 1914-1916, 1914-1917 tàbí 1914-1918. Ọkùnrin kan ní Ṣábẹ fẹ́ ta ọ̀kan fún mi, ó ní ti bàbá àgbà òun ni. Mo bi í pé ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ sọ fún wọn ná. Kò padà wá, mi ò sì kábàámọ̀. Ohun tí ẹnì kan fi ẹ̀jẹ̀ gbà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìjà àwọn ọmọ rẹ̀.

Mẹ́dàlì eré ìdárayá, ti ilé-ìwé, ti ìrìn-àjò mímọ́: ẹ rà wọ́n tí wọ́n bá ní orúkọ ìlú àti ọdún. Èyí tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 7: NÍNÁ

Ẹ wá iye tí wọ́n ti tà á rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde. Iye tí wọ́n ń béèrè kò wúlò, ẹnikẹ́ni lè kọ mílíọ̀nù. Tó bá jẹ́ ní yúró, ẹ fi 656 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ó di fáráǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ẹ ò ní sanwó ìfiránṣẹ́ lọ́jà, nítorí náà ẹ lè fi díẹ̀ lé e.

Ọjà Àjàrá, tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ni mo sábà máa ń lọ. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ta àdó, irin àti ohun tí kò lórúkọ. Ó na kọ́bọ̀ oníhò sí mi.

"Ọ̀gá, owó Júù rèé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Ẹ kú ọjà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i padà. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó sún un mọ́ ojú. "Ìwọ kà á."

"British West Africa. Kọ́bọ̀ ni, Bàbá. Òun ni wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ nígbà ayé bàbá yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ẹ̀kọ! Ó dáa, mú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá."

Mo fún un ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo lè ná an sí ọọ́dúnrún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń ya owó sọ́tọ̀ dè mí. Àwọn tó ń ná ọlọ́jà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ẹlòmíràn ló ń pe lọ́jọ́ tó bá rí ohun gidi.

Ibi tí ẹ ti lè ṣubú: ẹ má gbé òòfà àti òṣùwọ̀n jáde kí ẹ tó bi í ní iye. Tó bá rí òṣùwọ̀n, ó máa rò pé wúrà lẹ rí. Ẹ má sì ra odidi àpò nítorí ẹyọ kan tó wà nínú rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyẹn ni àpò ọ̀rá mẹ́rin yẹn ṣe dé ilé mi.

ÌGBÉSẸ̀ 8: PÍPA MỌ́

Èyí kò gùn. Etí lẹ máa dì mú, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀. Àpòòwé kan fún ẹyọ kan. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí bọ́ọ̀lù tuntun, ẹ má fi owó sínú rẹ̀, ó máa ń yọ oje aláwọ̀ ewé tó ń jẹ idẹ. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá yín ní Àjàṣẹ́, pàápàá láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù, ẹ kó wọn sínú àpótí náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan: ẹ ṣí àpòòwé mẹ́ta láìyàn. Tí àmì aláwọ̀ ewé tuntun bá ti yọ lára ọ̀kan, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sínú káyé rèé, kí ẹ lè fi ṣe àwòkọ:

Nọ́ńbà 14. Kọ́bọ̀ oníhò, British West Africa, 1936, Edward Kẹjọ, KN. Gíráàmù 9.3. Òòfà: rárá. Ihò gùn díẹ̀ ní apá òsì, òwú ló jẹ ẹ́. Ọjà Àjàrá, 500. Bàbá aládòó. Ohun tó sọ: ọba tí kò dé ọdún kan lórí oyè, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ra ẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa.